Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, mo gbé ìyáàlù kan àti gángan méjì wọ dánfó ní Ìyànà Ìpájà, mo sì san owó ìjókòó ènìyàn méjì, nítorí pé kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ náà búra pé ẹrù mi gba àyè ju ìyá oníṣòwò kan lọ. Ojúẹlẹ́gba ni mo ti bọ́ sílẹ̀, tí mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Sùúrùlérè, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń ta táìlì, láti bá ẹgbẹ́ olórin pọ́ọ̀pù kan lu ìlù sínú àwo wọn àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo ti lùlù níbi ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè, ìkómọjáde àti ìpolongo ìbò, mo sì ti bá ẹgbẹ́ jùjú kéékèèké mẹ́ta ṣe òde alẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì wọ yàrá tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ rí, kí wọ́n sì ní kí n máa dá nìkan lùlù níbẹ̀ láìsí ẹnìkan tí yóò jó níwájú mi.

Oṣù tí ó kọjá ni ọmọ mi obìnrin, tí a kò tíì bí nígbà náà, rí ọ̀kan nínú àwọn orin inú àwo náà lórí fóònù rẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń sá awọ, ó ní, "Bàbá mi, ìlù yín nìyí, àbí? Kí ni ó ń wí?" Mo ní kí ó lọ bá mi bu omi wá. Ìdáhùn wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí bàbá lè sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí ìdúró, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni a bí mi sí, ní agbolé tí ó jẹ́ pé bí o bá pe Àyàn ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ènìyàn bí ogún ni yóò dáhùn. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń rò pé ọwọ́ ni a fi ń kọ́ ọmọ ní ìlù lílù. Etí àti ẹnu ni bàámi fi kọ́ mi fún ọdún méjì gbáko kí ó tó fi kọ̀ǹgọ́ lé mi lọ́wọ́. Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, yóò sọ gbólóhùn kan, yóò sì ní kí n kùn ún láìpe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, dò re mí nìkan. Bí mo bá kùn ún dáadáa, òun náà yóò kun òmíràn, èmi ni yóò sì sọ ọ̀rọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀. Bí mo bá ṣì í, yóò fi orí kọ̀ǹgọ́ kàn mí ní kókósẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ni.

Ìlù kò ní ètè, kò sì ní ahọ́n. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí èdè wa ní ni gbogbo ohun tí ó lè mú jáde. Bí ìlù bá dún re-mí lásán, ta ni yóò mọ̀ bóyá igbá ni ó ń pè, tàbí ọkọ́, tàbí ilé? Nítorí náà ni onílù kì í fi í sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Òwe ni yóò sọ, tàbí oríkì, tàbí gbólóhùn gígùn tí gbogbo ayé ti mọ̀, kí ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú lè máa túmọ̀ èyí tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Síbẹ̀ náà, àṣìgbọ́ a máa wà. Ìlù kan wà tí ó máa ń dún lórí Radio Nigeria nígbà èwe mi. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí onílù fi lù, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìbàdàn ti fún un ní ìtumọ̀ tiwọn, wọ́n ní ohun tí ó ń bèèrè ni pé, "Tí Olúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè?" Bàámi máa ń rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀ bí ó bá ti gbọ́ ọ. Yóò ní, "Ẹni tó ni etí ló ni ìtumọ̀, àmọ́ onílù ni ọlọ́pàá máa wá mú."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń darí ìgbohùnsílẹ̀ wa dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nígbà tí mo wọlé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ṣùgbọ́n Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ sì dà bí aṣọ tí ènìyàn yá wọ̀: ó bá a mu, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí àpò rẹ̀ wà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ohun tí mo ń kọ yìí kí ó rò pé mo ń pẹ̀gàn rẹ̀. Etí rẹ̀ mú. Láàárín ọjọ́ márùn-ún tí a lò níbẹ̀, kò sí ìgbà kan tí mo tẹ ìlù sí ẹ̀gbẹ́ tí kò gbọ́ ọ, kódà nígbà tí èmi fúnra mi kò gbọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin náà jẹ́ márùn-ún, ẹni tí ó ń lé orin kò sì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Gbogbo wọn ni ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Orin mẹ́sàn-án ni ó wà nínú àwo náà, wọ́n sì bẹ̀ mí sí mẹ́rin nínú wọn.

Ìyáàlù tí mo gbé lọ, ti bàámi ni. Ṣaworo yí ojú rẹ̀ ká, àwọn agogo idẹ wẹẹrẹ tí bàbá rẹ̀ àgbà so mọ́ ọn, àwọn kan nínú wọn ti jẹ débi pé wọ́n fẹ́lẹ́ bí èékánná. Bí mo ti lù ú ní ẹ̀ẹ̀kíní kí wọ́n lè fi wo bí gbohùngbohùn ṣe ń gbà á, mo rí i tí ọmọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè lẹ́yìn gíláàsì. Ohùn rẹ̀ wọ inú headphone tí wọ́n fi bò mí létí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ń dún ṣín-ṣín-ṣín yẹn, ṣé a lè yọ ọ́?" Mo ní kò ṣeé yọ. Ó ní gbohùngbohùn náà sún mọ́ ìlù jù, pé ìró idẹ ń bo ìró awọ mọ́lẹ̀. Mo fi hánkáṣíìfù wé ṣaworo náà, ó ṣì ń dún. Mo tún wé e, mo fi téèpù dì í, ó dún bí eku inú àpò. Níkẹyìn mo jókòó sílẹ̀, mo fi ìdí ọ̀bẹ tú awọ tí wọ́n fi so wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kó gbogbo wọn sínú ọ̀rá, mo sì ki ọ̀rá náà bọ àpò ṣòkòtò mi. Ó gba nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹni tí ó ń ta gìtá dúró tì mí, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń gba èyí tí mo bá tú lọ́wọ́ mi bí ẹni ń gba ẹyin. Nígbà tí mo tún gbé ìlù náà kọ́ èjìká, ó fúyẹ́ débi pé mo wo ilẹ̀ bóyá nǹkan já bọ́.

Ìṣòro kejì ni aago tí ń dún ní etí. Kọ́, kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń fi èékánná kan tábìlì, ìgbà 104 ní ìṣẹ́jú kan, kò yára, kò fà. Gbogbo ohun èlò yòókù ni wọ́n ti gbà sílẹ̀ kí n tó dé. Ìlù òyìnbó tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń pè ní jáàsì pàápàá, kọ̀ǹpútà ni ó lù ú. Kì í ṣe pé n kò lè tẹ̀lé e. Ọmọ tí ó ti fi ọdún mẹ́fà lu gúdúgúdú tẹ̀lé àwọn àgbà lè bá òjò orí páànù rìn bí ó bá jẹ́ pé òjò náà mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ohun tí kò bá a rìn ni ọ̀rọ̀. Nínú agbo dùndún, bí ìyáàlù bá ń sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì àti gúdúgúdú a máa tẹ̀lé e bí ẹni ń gbọ́ ìtàn, wọ́n mọ ibi tí yóò ti mí, wọ́n mọ ibi tí yóò ti fa ọ̀rọ̀ gùn nítorí pé ẹni tí ó ń kì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Aago inú etí kò mọ̀ bóyá mo ń mí. Mo bá rí i pé mo ti ń gé ọ̀rọ̀ mi kúrú kí n má baà pẹ́ dé, bí ẹni tí wọ́n fún ní ìṣẹ́jú méjì láti fi kí ọba.

Ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́? Ó máa ń kùn, nítorí náà wọ́n ń pa á bí a bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń tàn án bí a bá dúró. Awọ ewúrẹ́ kò fẹ́ràn irú ìyẹn. Òjò oṣù Kẹsàn-án wà níta, òtútù wà nínú ilé, lẹ́yìn náà ooru ara mi yóò dé, ojú ìlù yóò le, yóò tún rọ̀, gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ní ilé, oòrùn la máa sá ìlù sí, tàbí kí a yá a ní iná díẹ̀. Níbẹ̀, ara gílóòbù kan tí ó wà lórí tábìlì ni mo ń gbé ojú ìlù sún mọ́. Ọmọkùnrin náà sì ní F ni orin náà wà, ó tẹ̀ ẹ́ fún mi lórí kíbọ́ọ̀dù, ó ní ṣé mo lè jẹ́ kí ohùn àárín mi bọ́ sí orí rẹ̀. Ìyáàlù kì í gbé orí ohùn kan pàtó. Ohùn òkè rẹ̀ ga ju àárín lọ, àárín ga ju ìsàlẹ̀ lọ, ó tán. Ṣùgbọ́n mo ṣe é. Mo fún ọ̀sán náà, awọ tín-ín-rín tí ó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, títí mo fi bá F pàdé, mo sì di ibẹ̀ mú fún gbogbo ìgbà tí orin náà fi ń lọ, débi pé nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, àtàǹpàkò òsì mi ti wú, n kò lè fi í bó ọsàn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan nípa àyè, nítorí pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Gángan kì í ṣe àlejò nínú àwo orin. Ní ọdún 1948 ni Àkànbí Wright mú un wọ inú orin jùjú ní Èkó, láti ìgbà náà ni kò sì ti jáde. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí Ebenezer Obey àti King Sunny Adé ń gbé àwo jáde léraléra, ojú kan àwo lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tí a kò dá dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, onílù sì ní àyè láti kí ènìyàn, kí ó bú ènìyàn, kí ó tún tọrọ gáfárà kí abẹ́rẹ́ tó dé àárín. Nígbà tí Sunny Adé ṣe àwo fún Island Records ní ọdún 1982 kí àwọn òyìnbó lè gbọ́ ọ, orin méje ni wọ́n gé e sí. Síbẹ̀ ìlù ṣì ń rí nǹkan sọ. Nínú ọ̀kan nínú orin mẹ́rin tí wọ́n pè mí sí, àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún mi jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 18, lẹ́ẹ̀mẹta.

Orin ìdúpẹ́ fún ìyá ni. "Ẹ̀gbọ́n," ni ẹni tí ń lé orin wí, "ẹ ṣáà bá wa fi ìlù sọ nǹkan nípa ìyá." N kò ronú púpọ̀. Òwe tí gbogbo ọmọ Yorùbá gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn ní ọjọ́ tí wọ́n ya ìpáǹle ni mo lù: Ọmọ tí ó bá mọ́ ìyá rẹ̀ lójú, òṣì ni yóò ta ọmọ náà pa. Mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo ṣíwọ́ gbígbọ́ aago náà, mo di ojú, mo rí ìyá mi níbi tí ó ti ń fẹ́ iná ìdáná, mo sì sọ òwe náà fún ara mi. Nígbà tí mo la ojú, gbogbo wọn ti dìde dúró lẹ́yìn gíláàsì. Lápá kejì òwe náà pàápàá, ọwọ́ mi jáfáfá ju bí mo ti rò lọ. Dò dò re, mí-dò re, re re, mí-dò re: òṣì ni, yóò ta, ọmọ, náà pa. Ní ibi méjì tí ohùn ti ń ṣubú láti òkè sí ìsàlẹ̀, lórí "yóò" àti lórí "náà", ọwọ́ òsì ni ó ń ṣe é, yóò fún ọ̀sán, yóò sì dẹ̀ ẹ́ kí ìró kọ̀ǹgọ́ kan ṣoṣo tó kú tán. Bí o bá yára dẹ̀ ẹ́, kò sọ nǹkan. Bí o bá pẹ́, ó di ìgbe.

Wọ́n san ìdajì owó mi fún mi ní ọjọ́ náà, wọ́n ní ìdajì yòókù di ọjọ́ tí orin bá jinná. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni a jọ sọ. A kò fọwọ́ sí ìwé kankan. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1988 ti fún ẹni tí ó bá ṣeré ní ẹ̀tọ́ lórí eré tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ti kọjá kí n tó gbọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó sì sọ ọ́ fún mi, agbẹjọ́rò tí mo lùlù níbi ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni, orí ìjókòó ni ó ti sọ ọ́, ó ń jẹ ẹran lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n pè wá láti wá gbọ́ ọ. Inú ọkọ̀ ẹni tí ń lé orin ni a ti gbọ́ ọ, nítorí pé ọmọkùnrin náà gbàgbọ́ pé orin tí kò bá dùn nínú ọkọ̀ kò lè dùn ní Èkó. Àwa mẹ́fà fún mọ́ra nínú Gọ́ọ̀fù kan. Orin bẹ̀rẹ̀, gìtá dé, ohùn dé, ègbè dé, ó sì kan ìlù mi.

Òṣì ni yóò ta ọmọ náà pa.

Mo rò pé mi ò fetí sí apá àkọ́kọ́ ni. Gìtá dáhùn díẹ̀, àyè ṣófo, ìlù tún dún. Òṣì ni yóò ta ọmọ náà pa. Ọmọkùnrin náà ti gé òwe mi sí méjì nínú kọ̀ǹpútà, ó sọ ìdajì àkọ́kọ́ nù, ó mú ìdajì kejì, ó sì ń yí i po yí i po bí ẹni ń pọ́n omi. Níbi tí ìdajì àkọ́kọ́ yẹ kí ó wà, ó fi í sílẹ̀ lófo fún gìtá. Lẹ́ẹ̀méjìlá ni mo kà á. Ẹni tí ń lé orin sì ń kọ ọ́ lórí rẹ̀ pé ìyá mi, ẹ ṣeun, ẹ óò jẹun ọmọ pẹ́. Ọmọ wo ni òṣì yóò ta pa? A kò dárúkọ ẹni tí ó mọ́ ìyá rẹ̀ lójú mọ́. Ọmọ náà ti di ẹnikẹ́ni tí ó bá dìde jó.

Ibi tí ó ti dùn mí jù nìyí, n kò sì ní fi pamọ́: orin náà dùn. Ìdajì tí ó mú ni ó dára jù ní ọwọ́ mi, èmi náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo lù ú. Ó gbọ́ ohun tí ó wà níbẹ̀ láti gbọ́, àfi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan. Àwọn yòókù ti ń mi orí, wọ́n ń wo ojú mi nínú dígí ọkọ̀. Mo ní, "Apá kìíní ńkọ́?" Ó ní, "Ó ṣì wà nínú ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n, a ò pa á rẹ́, àmọ́ èyí ló gbé orin náà. Àbí kò dáa ni?" Ẹgbẹ̀rún méje àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni ó kù kí wọ́n san fún mi, apòòwé rẹ̀ sì wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tí mo ń rí i. Mo ní ó dáa.

Ní ọ̀nà ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá òwe tí yóò gbà mí sílẹ̀. Ṣebí àwọn àgbà ni wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ẹni tí ó bá mọ òwe náà yóò fi inú ara rẹ̀ parí rẹ̀. Mo di ìyẹn mú títí mo fi dé Ìyànà Ìpájà. Ṣùgbọ́n apá ìparí ọ̀rọ̀ ni a máa ń fi sílẹ̀ fún ọmọlúwàbí. Ta ni ó ti rí ẹni tí ó sọ èpè, tí ó sì ní kí olùgbọ́ lọ wá ìdí rẹ̀?

Kásẹ́ẹ̀tì náà jáde láti Alábà ṣáájú Kérésìmesì. Kò gba ìlú kan, ṣùgbọ́n orin ìyá yẹn rí ẹsẹ̀ gùn sí. Àwọn DJ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sí i níbi ìgbéyàwó ní ìgbà tí ìyá ìyàwó bá fẹ́ jáde jó. Àwọn onílù ni wọ́n kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ìbátan mi kan ní Ìkòròdú pè mí lórí GSM, èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ọdún tí ó ṣáájú, tí wọ́n ń gba nǹkan bí àádọ́ta náírà ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ná gbogbo owó náà lórí ìbéèrè kan: "Ta lò ń ṣépè fún?" Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Òmíràn ní Òṣogbo ní òun rò pé àwọn olórin náà jẹ mí lówó ni, pé mo fi ìlù gbẹ̀san, ó sì yìn mí fún ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń jó kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ni mo wò, ènìyàn bí igba lójú agbo kan, wọ́n ń fi èjìká gba ọ̀rọ̀ náà wọlé, wọ́n ń fi ìdí dáhùn rẹ̀. N kò mọ èyí tí ó yẹ kí ó bà mí nínú jẹ́ jù, pé ìlù mi ń ṣépè fún wọn, tàbí pé ó lè ṣépè fún wọn kí wọ́n má sì mọ̀.

N kò mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sílé fún bàámi. Mo so ṣaworo padà kí n tó dá ìlù rẹ̀ padà, mo ní iṣẹ́ lọ dáadáa, ó ní Àyàn yóò gbè mí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì ní ohun tí ń lo kásẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, a lọ lùlù níbi ìgbéyàwó kan ní Ìlobù. Bàámi ni ó ṣáájú pẹ̀lú ìyáàlù, àwa mẹ́rin tẹ̀lé e. A ti kí àwọn àna, a ti kí alága ìdúró àti alága ìjókòó, a sì ti lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kí a lè jẹun, nígbà tí DJ fi orin náà sí i. Ìyá ìyàwó bọ́ sójú agbo, ìyàwó tẹ̀lé e, ọwọ́ wọn so pọ̀. Mo gbé àwo oúnjẹ mi sílẹ̀. Gìtá dé, ohùn dé, ègbè dé. Mo ń wo ojú bàámi. Ó ń jẹ iyán lọ, ó fẹ́ fi òkèlè kan sẹ́nu, òkèlè náà kò dé ẹnu. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó mọ ọwọ́ mi, dájúdájú, ẹni tí ó fi kọ̀ǹgọ́ kan kókósẹ̀ mi fún ọdún méjì kò lè ṣàì mọ̀ ọ́n. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ṣan ọwọ́, ó nù ún mọ́ etí agbádá rẹ̀, ó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, ó fún ọ̀sán rẹ̀ díẹ̀, ó dẹ̀ ẹ́, ó tún fún un, títí ohùn rẹ̀ fi bá ti ẹ̀rọ náà mu. F, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rìn lọ sí ojú agbo.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ó gbìyànjú, ó pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ó ń dúró de ẹ̀rọ náà bí ènìyàn ti ń dúró de ènìyàn, ẹ̀rọ náà kò sì dúró dè é. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó bọ́ sí inú àyè òfìfo náà rẹ́gí:

Ọmọ tí ó bá mọ́ ìyá rẹ̀ lójú...

Ìlù tèmi, tí mo lù ní ọdún tí ó ṣáájú nínú yàrá onífóòmù ní Sùúrùlérè, sì dá a lóhùn láti inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè: òṣì ni yóò ta ọmọ náà pa. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó jókòó nítòsí kígbe, ó ní "Hẹ̀n-ẹ́n!" bí ẹni tí nǹkan tí ó ti ń wá láti àárọ̀ bọ́ sí lọ́wọ́. Bàámi tún lù ú. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu pe ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀, ìyá ìyàwó na ìka sí ọmọ rẹ̀ lójú agbo, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí pé òun kò ní dán irú rẹ̀ wò, wọ́n sì ń lẹ owó mọ́ bàámi níwájú orí, ó ń jábọ́, kò wò ó. Gbogbo ìgbà tí ó kù tí ẹ̀rọ náà fi sọ ìdajì tirẹ̀, kò sí ọ̀kan tí kò fún ní ìdajì yòókù. Nígbà tí orin náà parí, DJ fi òmíràn sí i, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a wọkọ̀ padà sí Ẹ̀rìn. Èmi ni mo jókòó tì í, ìlù wà láàárín wa. Mo ti to gbogbo àlàyé jọ, ti kọ̀ǹpútà, ti ọmọ Peckham, ti ìdajì tí ó wà nínú ẹ̀rọ tí wọn kò pa rẹ́, ti apòòwé orí dáṣíbọ́ọ̀dù pàápàá. Kò bèèrè ọ̀kan nínú wọn.

Nígbà tí a kọjá afárá, ó ní, "Awọ yẹn ti rọ̀ nígbà tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Òtútù ni, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ẹ̀rọ amúlétutù ni.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú ìlù náà, ṣaworo ń dún díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú gbígbọ̀n ọkọ̀.

"Mo ń tẹ́tí sí ṣaworo mi," ni ó wí, "n kò gbọ́ ọ. Níbo ni wọ́n wà?"

Mo ní inú ọ̀rá ni wọ́n wà, nínú àpò ṣòkòtò mi.